Ìwé Amẹ́ríkà Tí Magdalene Fi Di Dúrọ́ọ̀mù

Bí ẹ bá dé Peckham tí ẹ béèrè ẹni tó mọ dúrọ́ọ̀mù dì, tí wọn ò bá júwe Magdalene Adéṣínà fún yín, a jẹ́ pé ọ̀tá rẹ̀ lẹ bi léèrè. Àwọn ọ̀tá náà ò sì pọ̀. Mẹ́ta péré ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ń di dúrọ́ọ̀mù.

Dúrọ́ọ̀mù tí à ń wí yìí ni ike búlúù ńlá tó ga dé ìbàdí àgbàlagbà, èyí tí àwọn èèyàn wa ní London máa ń ki ẹrù kún kí ọkọ̀ òkun tó gbé e lọ sílé. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ òwú ló wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ irin. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù nínú dúrọ́ọ̀mù, afẹ́fẹ́ ló fi ń ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ Magdalene ni pé kí afẹ́fẹ́ má ríbi jókòó. Yóò ki ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà, yóò ki bàtà sínú ìkòkò, yóò ki ìkòkò sínú garawa, yóò wá fi táwẹ́ẹ̀lì há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá parí, yóò fọwọ́ gbá ìdérí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò ní, "Ó ti yó."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó wọ London ní 1991. North Peckham Estate ló kọ́kọ́ gbé, ní àjà kẹrin, níbi tí lífítì ti máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn council tó ni ilé náà bá ń bọ̀ wá wò ó nìkan. Ó gbá ọ́fíìsì, ó fọ abọ́ ní ilé ìwòsàn, ó tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó tó ń bú u láàárọ̀, tí wọ́n sì ń sunkún bí kò bá tètè dé lọ́sàn-án. Nígbà tó di 2003, ó ra àwo tánganran méjìlá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkirè, ó sì sanwó fún ọkùnrin kan pé kó bá òun dì í. Nígbà tí dúrọ́ọ̀mù délé, ṣíbí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bu àwo jáde. Láti ọjọ́ náà ni Magdalene ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rí i, wọ́n gbé tiwọn wá. Lónìí, ó háyà ìdajì ṣọ́ọ̀bù kan lábẹ́ afárá ojú irin, lẹ́yìn àwọn mẹkáníìkì, níbi tí gbogbo nǹkan ti máa ń gbọ̀n bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè.

Ó ní àṣà kan tí àwọn ọ̀tá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jẹ́ dán wò. Lára gbogbo ìdérí ló máa ń fi máákà dúdú kọ ọ́ sí pé: MAGDALENE LÓ DÌ Í. BÍ OHUNKÓHUN BÁ BÀJẸ́, Ẹ PÈ MÍ. Yóò wá kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Láàárín ọdún méjìlélógún, wọ́n ti pè é láti kí i, wọ́n ti pè é láti tọrọ owó ilé ìwé, bàbá kan ní Òkukù tiẹ̀ pè é pé òun fẹ́ fi ṣaya nítorí bó ṣe to súgà òun wú òun lórí. Ẹnì kan ò pè é rí pé nǹkan bàjẹ́. Ó máa ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ó máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àní ó ti sọ ọ́ fún dókítà tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé bẹ̀rẹ̀ ní Nunhead, nítòsí Peckham. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń kó kúrò ládùúgbò, wọ́n gbé páálí mẹ́ta sórí ògiri kékeré iwájú ilé wọn, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa mú un lọ. Ìwé ọmọdé ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí ìtàn Amẹ́ríkà: bí wọ́n ṣe dé, bí wọ́n ṣe jà, bí ààrẹ kan ṣe tẹ̀ lé ààrẹ kan. Ẹlòmíràn ì bá rí ìwé. Ohun tí Magdalene rí ni nǹkan pẹlẹbẹ tó le lẹ́yìn, tó dọ́gba, tí kì í jò, tí kì í rùn, tó sì máa wọ ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi bọ́ọ̀sì kó o délé.

Kò ka ọ̀kankan. Àwòrán ẹ̀yìn ìwé ti tó fún un láti mọ̀ pé òun àti àwọn èèyàn náà ò lè rẹ́. Àwọn bàbá àgbà dé irun obìnrin sórí, wọ́n wọ ṣòkòtò tó há mọ́ wọn lórúnkún, wọ́n sì na ọwọ́ síta bí ẹni tó fẹ́ dá bọ́ọ̀sì dúró. Èyí tó bí i nínú jù ni ti àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n dúró nínú ọkọ̀ òkun, tí wọ́n ń da odidi àpótí tíì sínú omi nítorí pé wọn ò fẹ́ san owó orí. Magdalene wò ó títí. "Ẹni tó di ẹrù yẹn ńkọ́?" ló béèrè. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, nítorí òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ki ìwé náà sáàárín mílíìkì àti básílíìnì, ó fi ránṣẹ́ sí Òkukù. Kí ọdún tó yípo, ìtàn Amẹ́ríkà ti dé Ìkirè, ó ti dé Ẹdẹ, ó ti dé Ìrágbìjí, láìsí pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, bó ṣe ń ki ọṣẹ sínú kẹ́tùlù, fóònù dún. Nọ́ńbà ilé ni.

"Ẹ káàsán ma. Ṣé ẹ̀yin ni Magdalene ló dì í?" Ohùn ọmọdébìnrin ni.

"Èmi ni. Ìwọ ta ni?"

"Jọmílójú lorúkọ mi ma. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Uncle Kóyọ̀dé fi dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mummy mi ní Ìrágbìjí. Nǹkan kan bàjẹ́ nínú ẹ̀."

Magdalene jókòó lórí àpò ìrẹsì. "Kí ló fọ́? Ṣé blender yẹn ni? Duvet méjì ni mo fi wrap blender yẹn!"

"Kò sóhun tó fọ́ ma. Ìwé ni. Wọ́n ti ya ìparí ẹ̀ lọ."

Ọmọ náà wá ro ìtàn inú ìwé náà láìmí. Ìtàn àròsọ ni, nípa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dinah, ẹrú ní oko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 1845, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bíi ti Jọmílójú gan-an. Wọ́n fẹ́ tà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó sá. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rìn lọ sí àríwá, ó ń sùn nínú igbó, títí ó fi dé etí odò kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti dé òdìkejì rẹ̀ ti di òmìnira. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìró ajá lẹ́yìn. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé náà pé, "Àwọn ajá náà ti". Ó tán. Páálí ẹ̀yìn ìwé ló kàn.

"Ti kí ni ma?" Jọmílójú béèrè. "Ṣé wọ́n mú un?"

Gbogbo dúrọ́ọ̀mù tí Magdalene ti dì ló wà lórí rẹ̀, nítorí náà ó rántí lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ náà, pépà ìròyìn ọ̀fẹ́ tó máa ń kó ní ibùdókọ̀ ti tán, kọ́ọ̀bù tánganran mẹ́fà sì kù tó fẹ́ wé fún ìyá Làtíìfù, oníbàárà rẹ̀ kan tí ìyá rẹ̀ wà ní Ẹdẹ. Ó mú ìwé tó sún mọ́ ọn, ó ya ewé mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó fi ewé kọ̀ọ̀kan wé kọ́ọ̀bù méjì. Ìyókù ìwé náà ló fi há ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù Kóyọ̀dé.

"Sweetheart, ìwé yẹn kì í ṣe ara ẹrù," ó ní. "It's just packing. Mo fi dí àyè ni."

"Ẹ kọ ọ́ pé 'ohunkóhun' ma."

Magdalene dìde lórí àpò ìrẹsì, ó tún jókòó.

"Uncle Kóyọ̀dé ní tẹ́ ò bá dá mi lóhùn, àwọn máa gbé e dé meeting."

Kóyọ̀dé ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìrágbìjí ní South London. Ohun tí Kóyọ̀dé bá ti kọ sínú ìwé ìpàdé, ọdọọdún ni yóò máa kà á. Wọ́n ṣì ń ka orúkọ ẹni tó jó ìrẹsì ní 2011, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ti kó lọ sí Manchester nítorí ìtìjú. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ ìwé Kóyọ̀dé, orúkọ tí Magdalene ti fi ọdún méjìlélógún kọ́ ti wọ gàù nìyẹn. Ẹ̀rù bà á, kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà fún òun di ọ̀la.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Magdalene ò tíì bọ́ sùtánà, kò tíì wọ bàtà, ó sá lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé fóònù sẹ́nu, ó ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́, ó sì parọ́.

"Jọmílójú ọmọ mi, wọn ò mú Dinah o. Ó kọjá. Bó ṣe dé òdìkejì, council fún un ní one-bedroom, ground floor, with garden. Ó lọ sí college, ó ṣe nursing. Ó wá fẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní bank. Wọ́n bí ìbejì. God bless you."

Ìbejì yẹn wú u lórí gan-an. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ti Magdalene ò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. "Ẹ ṣé ma," ni Jọmílójú fi ránṣẹ́ padà. "Ọdún 1845 ni wọ́n kọ síwájú ìwé. Ṣé council ti wà nígbà yẹn? Àwọn ajá yẹn ńkọ́? Ẹ ò sọ̀rọ̀ ajá rárá. Grandma mi ní mi ò gbọdọ̀ pe àgbàlagbà ní òpùrọ́, torí náà mi ò pè yín ma."

Ojú ti Magdalene débi pé ó bọ́ sùtánà kó tó tún tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ sí láíbìrì. Asher, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wá ìwé náà títí lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti kógbá sílé tipẹ́, òun ò sì rí ẹ̀dà kankan tí wọ́n ń tà. Ó wá bi í tìfẹ́tìfẹ́ bóyá yóò fẹ́ yá ìwé mìíràn lórí ìtàn Amẹ́ríkà. Magdalene ní ó ṣeun, òun ní páálí kan àti ààbọ̀ nílé.

Ọ̀nà kan ló kù. Làtíìfù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Rye Lane, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe. Kì í pa ìrun jẹ, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló sì ń fi dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ Magdalene, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú.

"Mummy, ẹ wá ya ìwé ọmọ ọlọ́mọ! You, of all people!"

"Pe ìyá ẹ jàre."

Àgbọ̀n ìyá Làtíìfù ló kọ́kọ́ yọ lójú fóònù, lẹ́yìn náà òrùlé, lẹ́yìn náà àgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Rahmah, ọmọ ẹ̀gbọ́n Làtíìfù tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá náà, ló wá bá wọn di fóònù náà mú dáadáa.

"Màmá, pépà tí wọ́n fi wé àwọn kọ́ọ̀bù yín," Làtíìfù ní, "ṣé ẹ ti dà á nù?"

"Kí n da kí ni nù? Ṣé àwòrán ìyá mi tí o fi ránṣẹ́ sí mi?"

Làtíìfù wo Magdalene. Magdalene wo Làtíìfù.

Ìyá náà dìde, ó ní kí Rahmah gbé fóònù tẹ̀ lé òun wọ yàrá, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀. Ewé kan ṣoṣo nínú ìwé náà ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ tútù ló fi lẹ̀ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, kò sí igun tó ká sókè. Àwòrán ló gba gbogbo ojú ewé náà: obìnrin dúdú kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé pákó, ó wé gèlè pẹ́pẹ́, ó fi ọwọ́ kan di òpó mú, ó ń wo ọ̀nà.

"Bó ṣe máa ń wé e gan-an nìyí," ìyá náà ní. "Bó ṣe máa ń dúró nìyí tí mo bá ń padà sílé ọkọ. Kò ya fọ́tò rí láyé ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógójì tó ti kú, mo ti ń gbàgbé ojú ẹ̀. Làtíìfù, gbogbo nǹkan tí o ti ń kó ránṣẹ́, kò sí èyí tó tó èyí. Mi ò mọ ibi tí o ti rí i. Ọmọ tìẹ náà á ṣe é fún ẹ."

Làtíìfù ti fi ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́, ó ti fi fóònù mẹ́rin ránṣẹ́, ó ti fi kóòtù òtútù ránṣẹ́ sí ìlú tí òtútù kì í mú. Pépà tí wọ́n fi wé kọ́ọ̀bù ló wá gba ipò kìíní. Kò lè sọ pé òun ni, kò sì lè sọ pé òun kọ́. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Àmín, Màmá."

Ewé méjì yòókù wà nínú àpò ilé ìwé Rahmah. Ó ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn wọn, ó fi ránṣẹ́. Magdalene gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì ka ìwé Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Àwọn ajá náà ti gbọ́ òórùn Dinah. Dinah bẹ́ sómi. Òórùn rẹ̀ sọnù mọ́ àwọn ajá lọ́wọ́, wọ́n ń sá sókè sódò létí odò. Omi mu Dinah dé ọrùn, òkúta yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di ojú, ó sì rí ìyá rẹ̀ bó ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó sá. Ibẹ̀ ni ewé kejì parí sí. Àwòrán ìyá rẹ̀ ló wà lójú ewé kẹta, èyí tó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù. Ìparí ìtàn wà lẹ́yìn àwòrán náà, ó sì ti bá ẹ̀kọ gbẹ mọ́ pákó.

Magdalene mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí nǹkan. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ àti ọ̀bẹ tí kò mú, ewé náà lè ṣí. Ó sì lè fà ya.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "a fẹ́ kí Rahmah rọra ṣí i, ká yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Á lẹ̀ ẹ́ padà."

"Kí lẹ fẹ́ yẹ̀ wò lẹ́yìn ìyá mi?"

Kò bínú. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwòrán náà, bí ẹni tó ń bo ojú ọmọ nínú oòrùn. Orúkọ Magdalene wà lẹ́yìn pépà yẹn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá bẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ìyá náà yóò gbà, nítorí pé àlejò ni òun, àgbà ò sì fẹ́ já àlejò kulẹ̀. Ó wù ú gan-an. Inú sì bí i sí ara rẹ̀ pé ó wu òun tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má dá wa lóhùn ma," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kò sóhun tá a fẹ́ wò mọ́."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó pe Ìrágbìjí. Lọ́tẹ̀ yìí kò wá ọgbọ́n kankan.

"Jọmílójú, gbọ́. Èmi ni mo ya ìwé ẹ. Mi ò tiẹ̀ kà á. Mo kàn ya á, mo fi wé kọ́ọ̀bù. Sọ fún Uncle Kóyọ̀dé kó kọ ọ́ sínú minutes ẹ̀ pé Magdalene Adéṣínà ba nǹkan jẹ́. Kó kọ ọ́ ní capital letters."

Ó dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́. Ó sọ ti ajá fún ọmọ náà, ó sọ ti odò, ó sọ ti òkúta tó yọ̀. Ó sọ ti ìyá àgbà ní Ẹdẹ àti àwòrán tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

"Ojú ìwé tó kẹ́yìn wà lẹ́yìn àwòrán yẹn," ó ní. "Ìyá yẹn ò fẹ́ kí wọ́n ṣí i, èmi náà ò sì fẹ́ mọ́. Torí náà mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mú un. Má bínú sí mi."

Adìyẹ ń ké lẹ́yìn ọmọ náà ní Ìrágbìjí, ọkọ̀ ojú irin sì ń kọjá lórí Magdalene ní Peckham.

"Ma, obìnrin inú àwòrán yẹn, ṣé ìyá Dinah ni?"

"Ìyá Dinah ni."

"Màmá tó wà ní Ẹdẹ wá ní ìyá òun ni?"

"Ó ní ìyá òun ni. Ó dá a lójú."

"Ṣé wọ́n ti dàgbà gan-an?"

"Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún."

"Hẹn-ẹn," Jọmílójú ní, ara rẹ̀ sì balẹ̀. "Dinah ni wọ́n nìyẹn. Wọ́n ti délé. Wọn ò mú wọn."

Magdalene fẹ́ sọ fún un pé 1845 ti jìnnà jù. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ẹkún ló bá a lórí àpò ìrẹsì, kò sì fi pamọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Wọn ò mú wọn."

"Ẹ bá mi kí wọn ma," Jọmílójú ní, ó sì pa fóònù.